Ìlà Kan Ṣoṣo Tí Desley Kò Fi Ránṣẹ́

Bí ìkórè bá ti parí, tẹlifóònù ilé Desley Pfitzner kì í fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́ títí ìkórè mìíràn yóò fi dé. Ara ògiri ilé ìdáná ni wọ́n kàn án mọ́, torí pé fóònù alágbèéká kò wúlò ní ilé tó jìnnà sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bẹ́ẹ̀. Bó bá dún, ó lè jẹ́ ọmọkùnrin kan láti Adelaide tó fẹ́ ta pánẹ́ẹ̀lì tó ń fi oòrùn ṣe iná, tàbí kó jẹ́ Karina, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Perth. Ọjọ́ Àìkú ni Karina máa ń pè. Yóò béèrè ara ìyá rẹ̀, yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ooru, yóò sì ti máa wá ọ̀nà láti dágbére kí omi tíì tí Desley gbé kaná tó hó. Desley kì í bínú sí i. Òun náà kì í mọ ohun tí òun ó sọ.

Ilé náà wà lẹ́yìn ìlú Kimba, ní gúúsù ilẹ̀ Australia, lójú ọ̀nà tó lọ sí Cleve. Oko àlìkámà ló yí i ká, ó tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé ibi tí ojú lè rí i dé. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ti Desley mọ́. Ẹbí kan tí kì í gbé níbẹ̀ ló rà á, ẹ̀rọ ni wọ́n sì ń rán wá láti gbìn ín, kí wọ́n tún tó rán òmíràn wá kórè rẹ̀. Ilé nìkan ló kù fún un, àti táńkì omi òjò, àti ṣẹ́ẹ̀dì ńlá onípáànù tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ oko sí tẹ́lẹ̀, tó ti ṣófo.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, òun àti Colin ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń dá a. Olùkọ́ ìṣirò ni Desley kó tó lọ́kọ. Nígbà tí ọ̀dá dá léraléra, tí àlìkámà kò ga ju kókósẹ̀ lọ, Colin sọ fún un pé ó yẹ kí ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì wá iṣẹ́ tí kò ní í máa wojú òjò. Desley bá forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lókèèrè, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Colin a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó òun ti ń bá àpótí sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló kan tábìlì fún un nínú yàrá ẹ̀yìn, òun ló sì ń gbé tíì lọ bá a níbẹ̀.

Ètò tó kọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ni àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Bí tírélà tó kó ọkà bá dé ibi àká, yóò gun òṣùwọ̀n ńlá tó wà nílẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó sínú yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n yóò tẹ bọ́tìnnì kan, fèrèsé kékeré kan yóò sì ṣí lójú kọ̀ǹpútà. Orúkọ àgbẹ̀ wà nínú fèrèsé náà, irú ọkà tó gbé wá wà níbẹ̀, ìwọ̀n ọkọ̀ náà sì ń yí níbẹ̀ bí òṣùwọ̀n ṣe ń sọ ọ́. Bí ìwọ̀n bá dúró sójú kan, akọ̀wé yóò tẹ ìwé jáde, yóò pa fèrèsé dé, yóò sì juwọ́ sí awakọ̀ pé kó máa lọ. Tírélà mìíràn yóò gùn ún, fèrèsé mìíràn yóò ṣí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi lò ó tí ẹnikẹ́ni kò ráhùn.

Colin kú láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òtútù, nínú ọgbà àgùntàn. Ọkàn rẹ̀ ló ṣíwọ́ iṣẹ́. Wọ́n ta ilẹ̀ náà kí ọdún tó yí po. Àwọn ará ìlú ṣe dáadáa sí Desley nígbà yẹn. Wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un nínú àwo, ẹran àgùntàn, ànàmọ́, kéèkì, olúkúlùkù sì lẹ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ìdí àwo. Desley fọ gbogbo àwo náà, ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé tó bá dé, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á po tíì fún un. Nígbà tó dá èyí tó kẹ́yìn padà, kò tún sí ilé tó nídìí láti lọ mọ́, kò sì sí ẹni tó nídìí láti wá sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà ìkórè tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ọ̀pọ̀ àká kéékèèké pa, wọ́n ní kí gbogbo tírélà tó ń lọ síbẹ̀ máa bọ̀ ní àká ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Kimba. Ìgbà yẹn ni ètò Desley bẹ̀rẹ̀ sí í dákú lọ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe dáadáa láti àárọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ tó bá ti di ọ̀sán, lẹ́yìn náà yóò dúró gbagidi.

Akọ̀wé tuntun kan tó ń jẹ́ Marivic ló pè é. Ọmọ Iloilo ni, ní ilẹ̀ Philippines. Dale ọkọ rẹ̀, ọmọ ìlú Kimba, iṣẹ́ ọgbà onírin ló ń ṣe kiri oko olóko.

“Ẹ káàsán o, Tita,” ni Marivic wí. Bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí nílé tiwọn nìyẹn, ó sì pe Desley bẹ́ẹ̀ láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. “Èmi ni mo wà nídìí òṣùwọ̀n. Nǹkan yín yìí ti dákú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń wò mí ni.”

Desley ní kó pa kọ̀ǹpútà náà, kó tún tàn án. Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ó sì máa ń fara balẹ̀ kó tó jí. Àwọn méjèèjì di fóònù mú, wọ́n ń dúró. Desley ń gbọ́ bí fáànù ṣe ń yí nínú yàrá òṣùwọ̀n.

“Ṣé ẹ ti jẹun?” ni Marivic bi í.

Desley wo ilé ìdáná rẹ̀. Búrẹ́dì wà lórí pákó, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì rántí ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ó dáhùn pé òun kò tíì jẹun.

“Kí lẹ wá ń dúró dè? Kí wọ́n fi ọkà yìí ṣe búrẹ́dì tán ni?”

Desley rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, bí ìgbà tí èèyàn gbọ́ ohùn nínú yàrá tó rò pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn láti wá ohun tó ń pa ètò náà. Kò pẹ́ kó tó rí i. Fèrèsé kọ̀ọ̀kan, bó bá ti ń ṣí, yóò kọ́kọ́ sọ fún apá ètò tó ń gbọ́ òṣùwọ̀n pé, “Ìwọ̀n tuntun tó bá dé, wí fún èmi náà.” Apá yẹn yóò sì fi orúkọ rẹ̀ kún àwọn tó gbọ́dọ̀ máa wí fún. Bí akọ̀wé bá wá pa fèrèsé dé, fèrèsé yóò kúrò lójú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní agbálẹ̀ tirẹ̀ tó ń gbá ohun tí kò wúlò mọ́ dànù kí ààyè lè wà. Agbálẹ̀ yìí kì í fọwọ́ kan ohunkóhun tí nǹkan mìíràn ṣì dì mú, orúkọ tí wọn kò yọ yẹn ló sì di gbogbo fèrèsé wọ̀nyẹn mú. Èyí tí Marivic ti pa dé láti àárọ̀, gbogbo wọn ló ṣì wà níbẹ̀, tí ojú kò rí wọn, tí wọ́n ń gba ìròyìn ìwọ̀n ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Nígbà tí tírélà kò pọ̀, ilẹ̀ ti máa ń ṣú, wọ́n á sì ti pa kọ̀ǹpútà kí ààyè tó tán. Ní báyìí, ọ̀sán ni ààyè ń tán.

Ìlà kan ṣoṣo tó bá fi kún ètò náà ni oògùn rẹ̀: bí fèrèsé bá ti ń pa dé, kó sọ fún òṣùwọ̀n pé kó gbàgbé òun. Desley kọ ìlà náà. Ó ṣí fèrèsé, ó pa wọ́n dé, ó ṣí wọn, ó pa wọ́n dé, títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ètò náà kò mí ìmí ẹ̀dùn kan. Ohun tó kù ni kó fi í ránṣẹ́ sí àká. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ó fi ránṣẹ́ lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, kó tó dé ìdí rẹ̀, tẹlifóònù dún. Ètò ti dákú. Bí wọ́n ṣe ń dúró kí ẹ̀rọ jí, Marivic sọ fún un bí ìyá òun ṣe ń sá ẹja sórí òrùlé ní Iloilo, tí ológbò gbogbo àdúgbò fi ń sùn sábẹ́ ilé wọn. Desley náà sọ fún un pé Colin kò lè jẹ ẹja láyé rẹ̀, pé bó bá gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú ilé, yóò jáde lọ bá àwọn àgùntàn. Ọ̀rọ̀ Colin yẹn, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni látìgbà tí wọ́n ti sìnkú rẹ̀. Nígbà tó gbé fóònù kọ́, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó dúró, ó sì padà.

Kò fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ó yẹ kí òun tún yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó ní kò dára kí èèyàn máa yí ètò padà nígbà tí ìkórè ń gbóná. Ìkórè parí, àwíjàre náà parí, ìlà náà sì wà níbi tó wà.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkórè ń lọ, tí òmíràn ń bọ̀. Bí àlìkámà bá ti ń pọ́n lóko, Desley yóò bẹ̀rẹ̀ sí í se oúnjẹ gidi kó lè rí nǹkan sọ bí Marivic bá béèrè. Ó ń se ẹran àgùntàn, ó ń yan páì, ó tilẹ̀ gbìyànjú ọbẹ̀ ọlọ́tí kíkan tí Marivic kọ́ ọ lórí fóònù, tó fi òórùn kún ilé. Ó mọ̀ pé Jorelyn, ọmọ Marivic, ń bẹ̀rù ìjì. Ó mọ̀ pé ìyá Dale kì í pe Marivic lórúkọ, “ìyàwó ọmọ mi” ló máa ń sọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí kò bá a mu. Marivic náà mọ ibi tí Colin ṣubú sí.

Ó wá jẹ́ pé bí wọ́n bá pàdé nínú ṣọ́ọ̀bù ní Kimba, ojú ń ti àwọn méjèèjì. Wọ́n á kíra, wọ́n á wo inú agbọ̀n ara wọn, olúkúlùkù á sì kọjá lọ. Wọn kò mọ bí wọ́n ṣe lè sọ̀rọ̀ láìsí kọ̀ǹpútà tó dákú láàárín wọn.

Nígbà mìíràn, láàárín ọdún, Desley máa ń ṣí ìlà náà sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, yóò wò ó, yóò sì pa á dé. Kò parọ́ fún ara rẹ̀. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe, ó kàn rò pé kò pa ẹnikẹ́ni lára ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí àwọn awakọ̀ fi ń dúró, wọ́n á fi mu sìgá.

Ọdún kan dé tí ọkà dára gan-an. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí ìkórè ń lọ sópin, rédíò sọ láti àárọ̀ pé ìjì ńlá ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn. Gbogbo àgbẹ̀ da tírélà sójú ọ̀nà, oníkálùkù fẹ́ gbé tirẹ̀ dé àká kí òjò tó dé. Ìlà ọkọ̀ gùn kọjá ìta ìlú. Lyall Schuppan wà láàárín wọn. Òun, Colin àti Desley ni wọ́n jọ lọ sílé ìwé, ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú Colin, orúnkún méjèèjì sì ń dùn ún. Ẹrù rẹ̀ tó kẹ́yìn ló gbé wá. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kàn án, ó ká tapólì orí ẹrù rẹ̀ kúrò gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ti máa ń ṣe, kí wọ́n lè bu ọkà náà wò.

Ìgbà yẹn ni ètò dákú.

Lọ́jọ́ yẹn Marivic kò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni jẹun. “Tita, ẹ tètè bá mi ṣe é,” ló wí. Desley ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ ọkùnrin tó ń kígbe. Marivic ti pa kọ̀ǹpútà, ó ti tún un tàn, ẹ̀rọ náà sì ń fara balẹ̀ jí bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni Desley gbọ́ ariwo òjò nínú fóònù, lórí páànù yàrá òṣùwọ̀n, nígbà tí òrùn ṣì ń ràn lójú fèrèsé ilé ìdáná tirẹ̀. Òjò náà ń pariwo láàárín wọn títí Marivic fi sọ pé ó ti jí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ láìdágbére.

Nírọ̀lẹ́, tírélà kan yà wọ àgbàlá Desley. Lyall ni. Omi ń kán láti ìdí tírélà rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ torí orúnkún rẹ̀, ó ní òun kò lè tètè gun orí ẹrù fa tapólì bò ó, àká kì í sì gba ọkà tútù, pé ṣẹ́ẹ̀dì tòun kún fún ẹ̀rọ, ṣé òun lè da ọkà náà sí ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì Desley kó gbẹ. Desley ṣí ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì. Wọ́n da àlìkámà náà sílẹ̀, wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n ń tẹ́ ẹ fẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bí ti ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò.

Desley sọ fún un pé kọ̀ǹpútà òun ló fà á.

“Ṣé kọ̀ǹpútà ló rọ̀jò ni?” ni Lyall dáhùn. “Fi ara ẹ lọ́rùn sílẹ̀, Des.”

Ó fẹ́ sọ ìyókù. Ó ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n Lyall ti fara ti ṣọ́bìrì, ó ń wo òrùlé, ó ń wo àwọn ògiri tí kò sí nǹkan kan lára wọn mọ́.

“Mi ò mọ̀ pé ibí ti dá páropáro báyìí,” ló wí. “Gbogbo ìgbà ni mò ń kọjá níwájú ilé yìí. Mo máa ń rí iná yàrá ẹ̀yìn yẹn. Mo máa ń sọ pé, ‘Des wà lẹ́nu iṣẹ́, kí n má lọ dí i lọ́wọ́.’”

Desley gbá ṣọ́bìrì rẹ̀ mú. Ó tẹ orí ba, ó ń tẹ́ àlìkámà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kó tó fọwọ́ kan tíì, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó sì fi ìlà náà ránṣẹ́ sí àká. Kò gba àkókò kankan. Lẹ́yìn náà ó padà sí ilé ìdáná, ó se oúnjẹ ọ̀sán, ó jókòó. Tẹlifóònù kò dún. Kò dún lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, ó tún ń gé búrẹ́dì jẹ lórí ìdúró.

Nígbà tí tírélà tó kẹ́yìn ti lọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sun ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún. Sọ́séèjì wà, búrẹ́dì wà, bíà wà nínú garawa oníyìnyín. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Desley, torí pé láti ọjọ́ ìjì yẹn kọ̀ǹpútà kò dákú mọ́ rárá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Lyall náà pàtẹ́wọ́, ó fi abọ́ rẹ̀ sábẹ́ apá kó lè pa á dáadáa. Desley ń wo bàtà ara rẹ̀.

Kerryn, akọ̀wé àká ńlá kejì tó wà ní apá kejì agbègbè náà, wá dúró tì í. Ó ní ti àwọn kì í kúkú dákú látilẹ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́ jẹun ọ̀sán, wọ́n á pa ètò náà, wọ́n á tún un ṣí, yóò sì bá wọn dé ìrọ̀lẹ́ láìsí wàhálà.

“Ta ló kọ́ yín?” ni Desley bi í.

“Marivic ni. Ó ti pẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ tó débí ni, tàbí ọdún kejì.”

Desley wá Marivic lọ. Ó bá a nídìí táńkì omi, níbi tó ti ń fọ ọwọ́ ọ̀rá. Ó sọ ohun tí Kerryn sọ fún un. Marivic ń fi aṣọ nu ọwọ́, ó nù ún títí ó fi gbẹ, kò gbé ojú sókè.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, Tita.”

“Kí ló wá dé tí o fi ń jẹ́ kó dákú?”

“Nínú yàrá yẹn, ọwọ́ ni mo máa ń rí. Awakọ̀ á na ọwọ́ wọlé, á gba ìwé, á lọ. Bí Dale bá lọ lọ́jọ́ Ajé, ó di ọjọ́ Ẹtì kó tó dé. Iléèwé ni Jorelyn ń wà. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń gbé fóònù.” Ó ká aṣọ náà. “Mo rò pé ẹ ó ní mò ń yọ yín lẹ́nu bí kò bá sí nǹkan tó bàjẹ́.”

Desley sọ tirẹ̀ fún un. Ó sọ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Marivic pè gan-an ni òun ti kọ ìlà náà tán, pé ó ti wà lọ́wọ́ òun látìgbà náà.

Marivic wò ó. Kò rẹ́rìn-ín.

“Lyall ńkọ́?” ló wí.

“Àwa méjèèjì ni,” ni Desley dáhùn.

Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo Lyall láti ọ̀ọ́kán. Ó ti bá ajá alága jókòó, ó ń já sọ́séèjì sí wẹ́wẹ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni Marivic sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́: Dale ti ríṣẹ́ ní ìlú Whyalla, ní ilé iṣẹ́ irin. Bí ọdún bá ti yí, wọ́n ń kó lọ.

Nínú oṣù kìíní, Lyall wá kó àlìkámà rẹ̀ kúrò nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Ó ti hu ní apá kan, oúnjẹ àgùntàn nìkan ló kù tó lè wúlò fún. Bó ṣe fẹ́ gun ọkọ̀, Desley dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ìlà náà, àwọn ọdún náà, ìdí tó fi ṣe é. Kò mú Marivic sí i. Lyall gbọ́ ọ tán. Ó yọ fìlà, ó fi nu ojú, ó tún un dé.

“O lè pè mí, Des,” ló wí. “Mo ní tẹlifóònù.”

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ. Desley kò mọ̀ bóyá inú ń bí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá, kò yà, kò pè. Eruku ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni Desley ń rí bó bá kọjá lójú ọ̀nà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló pe Whyalla. Ó ti kọ nọ́ńbà náà mọ́ ògiri látìgbà tí Marivic ti lọ. Nígbà tí Marivic gbé e, ohùn ọmọ àti ohùn ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀.

“Tita? Kí ló bàjẹ́?”

“Kò sí ohun tó bàjẹ́.”

Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n ń dúró dè, wọn kò sì mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, Marivic ní eruku irin ní Whyalla pupa débi pé aṣọ funfun kò ṣeé sá. Desley ní òun ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Marivic ní òun fẹ́ lọ yọ aṣọ nínú ẹ̀rọ, òun ó pè padà nírọ̀lẹ́. Kò pè nírọ̀lẹ́, kò sì pè lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́bọ̀ ló tó pè, wọ́n sì sọ̀rọ̀ díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Látìgbà náà, nígbà mìíràn Desley á pè, nígbà mìíràn Marivic. Àwọn oṣù kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pè.

Ìkórè tún dé. Ọmọkùnrin kan tí Desley kò mọ orúkọ rẹ̀ ló wà nídìí òṣùwọ̀n. Ètò náà ń ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, fèrèsé tí wọ́n bá sì pa dé ti lọ nìyẹn. Desley yan páì kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún. Ó gbé e sínú píkọ́ọ̀pù, ó wa ọkọ̀ lọ sí ilé Lyall, ó kan ilẹ̀kùn oníwáyà. Lyall pẹ́ kó tó jáde, torí orúnkún rẹ̀. Ó wo Desley, ó wo páì náà, ó sì tún wo Desley.

“Wọlé tàbí kó o dúró síta,” ló wí. “Ò ń jẹ́ kí eṣinṣin wọlé.”

Desley wọlé.